Ipò Kẹrin ní Họ́ngárì

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi já bánà yẹn sílẹ̀. Èyí tí ẹ so mọ́ ẹnu géètì ẹ́sítéètì ní Lẹ́kí ni mò ń wí, àti ìkejì rẹ̀ tó wà ní Addo, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń ta táyà. Fọ́tò mi ló wà lára méjèèjì. Mo dé akoto, mo na àtàǹpàkò sókè, wọ́n sì kọ ọ́ gàdàgbà sábẹ́ rẹ̀ pé: KÁÀBỌ̀, GBÓYÈGA, ṢÁḾPÍỌ̀NÌ ÀGBÁYÉ! Àgbáyé wo? Èmi tí mo lọ, ìlú kékeré kan ṣoṣo ni mo gbé, kò tó Awoyaya, oko àgbàdo ló sì yí i ká.

Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti dé, kò tíì sí ẹnì kan tó bi mí bí ìrìn-àjò náà ṣe rí. Ohun tí wọ́n ń bi mí ni pé kí ni mo mú bọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwé eré mi wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹni tó bá ní dátà lè lọ kà á. Eré méje ni mo sá láyé mi gẹ́gẹ́ bí awakọ̀ eré. Ipò kọkànlá. Kò parí eré. Ipò kẹsàn-án. Kò parí eré. Ipò keje. Ipò kẹfà. Ipò kẹrin. Gbogbo ẹ̀ nìyẹn. Bí ẹ bá rí ibi tí wọ́n kọ ṣáḿpíọ̀nì sí níbẹ̀, ẹ pè mí, kí èmi náà wá fi ojú ara mi rí i.

Ẹni tó rán mi níṣẹ́

Bàbá mi ni wọ́n kọ́ mi ní mọ́tò. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi wa ọ̀gá kan ní Oniru kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, wọn ò sì fi ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ ha ògiri rí. Èmi ní tèmi ń ṣiṣẹ́ níbi tí àwọn olówó Lẹ́kí ti máa ń fi ọkọ̀ kéékèèké sáré yípo lópin ọ̀sẹ̀. Èmi ni mò ń de bẹ́líìtì mọ́ wọn láyà, èmi náà ni mò ń nu òógùn wọn kúrò lára sitiárìn. Bí ibẹ̀ bá ti dá, èmi náà á wọlé sínú ọkọ̀ kan, màá sì sá a títí epo á fi tán.

Ibẹ̀ ni Ọ̀gá Bámi ti bá mi. Gbogbo yín lẹ mọ̀ ọ́n, òun ló ń kọ́ ilé tà, tó máa ń sọ pé kò sí ohun tí òun kò lè ṣe tí òun bá ti fọkàn sí i. Ó ní kí n wá bá òun sáré. Mo bá a sá a, mo sì fi ìyípo mẹ́ta gbáko ṣáájú rẹ̀. Inú bí i díẹ̀, ó mu omi, ó tún mu omi, ó wá gbá mi lẹ́yìn.

Ó ní, "Guy, you sabi this thing! Màá gbé ẹ jáde. You go represent us."

Mo dọ̀bálẹ̀. Ó ní kí n dìde, pé ọ̀rọ̀ kan ló kù. "Ife kan péré ni mo fẹ́. Wọ́n ní ẹni kìíní dé ẹni kẹta ni wọ́n ń fún ní ife. Mú ọ̀kan bọ̀ lára ẹ̀, next year is sure. Tí o ò bá mú un bọ̀, a jẹ́ pé a ti gbìyànjú nìyẹn."

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Ife kan ni mo bá lọ. Bí mo bá rí i, mo di awakọ̀ eré títí ayé. Bí mi ò bá rí i, mo padà sídìí bẹ́líìtì dídè.

Ibi tí wọn kì í ti í fọn fèrè

Ọkùnrin tó gba ìwé ìrìnnà mi ní pápákọ̀ òfuurufú Họ́ngárì wò mí, ó wo ìwé náà, ó tún wò mí. Ó ní kí ni mo wá ṣe. Mo ní mo wá fi ọkọ̀ sáré ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó pe ẹnì kejì rẹ̀ kó wá gbọ́.

Ó ní, "Láti Lagos? Ṣé ẹ ní ọ̀nà níbẹ̀?"

Mo ní, "A ní ọ̀nà. Ihò ló wà lára ẹ̀, òun ló jẹ́ ká mọ ọkọ̀ wà."

Ó lu òǹtẹ̀ sí i fún mi. Mo rò pé orí ti yọ mí, àṣé gbogbo ìlú ni màá ṣì ṣàlàyé ara mi fún. Ojú agbábọ́ọ̀lù ni wọ́n fi ń wò mí. Ẹni tó ń ta búrẹ́dì bi mí pé ẹgbẹ́ wo ni mò ń gbá bọ́ọ̀lù fún. Mo ní ọkọ̀ ni mò ń wà. Ó mi orí, ó ní àwọn náà nílò ẹni tó máa wa bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ iléèwé.

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo lò níbẹ̀ tí mi ò gbọ́ fèrè ọkọ̀ kan ṣoṣo. Mo kọ́kọ́ rò pé etí mi ló di nínú bàálù. Àwọn èèyàn ibẹ̀ á dúró de ara wọn ní oríta, ìwọ lọ, rárá, ìwọ lọ, títí oúnjẹ á fi tutù nílé. Àwọn yìí ni mo wá bá sáré! Mo fojú di wọn. Ẹ ó gbọ́ ohun tí ojú mi rí.

Ní ti ìkíni, mo ń kí gbogbo ẹni tí mo bá pàdé lọ́nà, bí a ṣe ń ṣe é. Obìnrin kan gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sá lọ sí òdìkejì títì nítorí ẹ káàárọ̀ mi. Mo bá panu mọ́. Àṣé inú ilé ìtajà ni wọ́n ti ń kí èèyàn, o gbọ́dọ̀ kí wọn bí o bá wọlé, o sì gbọ́dọ̀ tún kí wọn bí o bá ń jáde. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń jáde láìdágbére, tí wọ́n ń pè mí ní aláìlẹ́kọ̀ọ́ lẹ́yìn mi. Èmi ọmọ Yorùbá, tí ìkíni jẹ́ iṣẹ́ wa!

Ata tí kò ta

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti oúnjẹ, nítorí ọ̀rọ̀ náà ṣì ń dùn mí. Bí mo ṣe wọ ìlú náà, mo rí i pé wọ́n fi okùn so ata pupa rọ̀ sára ilé wọn, láti òrùlé dé ilẹ̀. Mo ní ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, mo ti dé ilé. Wọ́n gbé ọbẹ̀ kan wá fún mi, ó pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, ẹran wà nínú rẹ̀, òórùn rẹ̀ sì dára. Mo fi omi tútù sí tòsí, mo tọ́ ọ wò. Ó dùn mọ̀ràn-ìn mọran-in bí ẹni tó fi ṣúgà sè é. Ata tí kò ta! Ó dà bí ọlọ́pàá tó dá ọ dúró tí kò béèrè ìwé ọkọ̀. O ò ní mọ ohun tó ń wá.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n gbé àwo ọbẹ̀ mìíràn wá, ó tutù nini, èso pupa ló wà nínú rẹ̀. Mo rò pé wọ́n gbàgbé láti gbé e kaná. Mo ní kí wọ́n bá mi gbé e padà sórí iná. Gbogbo ilé oúnjẹ náà dojú kọ mí. Bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́ nìyẹn, ọbẹ̀ èso tútù, wọ́n á lá a, wọ́n á sì tún ní kí wọ́n fi kún un. Mo jẹ ẹ́. Àlejò tí ebi ń pa kì í yan ọbẹ̀.

Bàbá Gábọ̀

Ilé Bàbá Gábọ̀ ni mo wọ̀ sí. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni, katakata ló fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ tún ṣe kó tó fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n láti ìgbà èwe rẹ̀ ló ti ń fi ọkọ̀ sáré, kò sì fi í sílẹ̀. Yàrá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ibẹ̀ ló fún mi. Nínú eré kan náà ni a jọ wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bàbá mi fi ọdún méjì péré jù ú lọ.

Lọ́jọ́ tí mo dé, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún un lórí símẹ́ǹtì. Bàbá fò sókè. Ó rò pé mo dákú ni, ó sáré lọ gbé omi wá, ó dà á sí mi lórí. Fóònù ló bá wa túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún ara wa. Nígbà tó yé e pé ọ̀wọ̀ ni, ẹ̀rín pa á, inú rẹ̀ sì dùn débi pé ó ń mú mi kiri ìlú. Bí a bá ti dé ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, á gbá mi ní ìgbọ̀nwọ́, á fi ìka tọ́ka sílẹ̀, èmi náà á sì lọ sílẹ̀ gbalaja. Mo di ohun ìwòran. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé mo ń gbádùn rẹ̀.

Bàbá mi ti fi ọpọ́n ayò wọn sínú àpò mi nílé, wọ́n ní kí n má baà gbàgbé bí a ṣe ń rò. Mo kọ́ Bàbá Gábọ̀ ní ayò. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni a ń ta á níwájú ṣọ́ọ̀bù, gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni mo sì ń jẹ ẹ́. Ẹ mọ bí a ṣe ń ta ayò, a kì í ta á lẹ́nu jẹ́ẹ́. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ dáadáa. Mo ní ọ̀pẹ̀ ni, ẹni tí kò mọ ayò ta, mo ní orí rẹ̀ ti kún fún òróró katakata, mo ní kó lọ máa ta á pẹ̀lú àwọn adìyẹ rẹ̀. Fóònù ń túmọ̀ gbogbo rẹ̀ fún un, á máa rẹ́rìn-ín títí omi á fi jáde lójú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ Yorùbá kan ṣoṣo tó mọ̀ ni ọ̀pẹ̀, nítorí òun ló máa ń gbọ́ jù.

Kò parí eré

Ní ti eré fúnra rẹ̀, ọkọ̀ wọn kò ní fèrè. Ẹ gbọ́ ná. Báwo lèèyàn ṣe máa sọ fún ẹni tó wà níwájú pé òun ń bọ̀? Nínú eré àkọ́kọ́, mo ń fi àtẹ́lẹwọ́ lu àárín sitiárìn bí ẹni tó ń lu ilẹ̀kùn, kò sẹ́ni tó gbọ́ mi. Ipò kọkànlá. Nínú ìkejì, mo gba inú koríko kọjá bí a ṣe máa ń ṣe lójú títì Ajah tí ọ̀nà bá dí. Àṣé èèwọ̀ ni. Wọ́n lé mi jáde, mo sì ń bá wọn jà pé koríko náà gbòòrò ju ọ̀nà lọ.

Ẹ́ńjìnnì ló kú fún mi nínú ìkẹrin. Lẹ́yìn ìyẹn, ara mi balẹ̀, mo mọ ibi tí wọ́n ti ń tẹ bíréèkì, mo mọ ibi tí wọ́n ti ń jù ú sílẹ̀. Ipò keje, ipò kẹfà. Ọ̀gá Bámi ń pè mí láti Lẹ́kí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. "My guy, ife dà? Mo ti fi àyè sílẹ̀ fún un ní pálọ̀ o!"

Eré kan ṣoṣo ló wá kù.

Igun Ìgbọ̀nwọ́

Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ náà. Ní ìyípo tó kẹ́yìn, èmi ló wà ní ipò kẹrin, ẹni tó sì wà níwájú mi ní ipò kẹta kì í ṣe ẹlòmíràn, Bàbá Gábọ̀ ni. Igun kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ìgbọ̀nwọ́, ọ̀nà ti fún níbẹ̀, wọ́n sì to táyà bí ògiri sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó wà nínú. Ọkọ̀ bàbá yọ̀ díẹ̀ lórí omi, ó sún síta, àyè sì ṣí sílẹ̀ láàárín rẹ̀ àti ògiri táyà náà. Àyè ọkọ̀ kan. Mo rí i. Ọ̀gá Bámi rí i láti Lẹ́kí, nítorí ó ń wò ó lórí fóònù rẹ̀. Ìyá tí ń ta búrẹ́dì náà rí i.

Ẹsẹ̀ mi kúrò lórí ohun tó yẹ kó tẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá méjì, àyè náà padé. Bàbá Gábọ̀ gba ipò kẹta, èmi gba ipò kẹrin.

Mo sọ̀ kalẹ̀, mo rìn lọ bá a nínú òjò, mo sì dọ̀bálẹ̀ fún un níwájú gbogbo èèyàn. Kò rẹ́rìn-ín. Ó bọ́ akoto rẹ̀, ó mú fóònù jáde.

Ó ní, "Kí ló dé tí o dúró? Ọ̀nà ṣí sílẹ̀ fún ọ."

Mo ní, "Ẹ̀yin ni àgbà mi, Bàbá. Ní ilẹ̀ wa, a kì í fi àgbà sílẹ̀ sẹ́yìn."

Ó ka ohun tí fóònù túmọ̀, ojú rẹ̀ sì pọ́n ju ata wọn lọ. Ó ní, "Láti ìgbà tí mo ti ń sáré, wọ́n ti kọlù mí, wọ́n ti fi mí ṣe ẹlẹ́yà. Ẹnikẹ́ni kò tíì ṣàánú mi rí, àfi ìwọ."

Ó gba ife rẹ̀ lọ. A kò ta ayò ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Lọ́jọ́ tí mo ń padà bọ̀, mo bá ọpọ́n náà lẹ́nu ilẹ̀kùn mi, ó ti nù ún mọ́ tónítóní, ọmọ ayò sì pé nínú rẹ̀. Kò jáde wá sìn mí. Ó dùn mí dé egungun.

Ọmọlúàbí

Ẹ wá wo Lẹ́kí. Wọ́n ti to àga sínú gbọ̀ngàn ẹ́sítéètì kí n tó dé, bánà ti wà lókè, wọ́n ń pín ẹran sísun àti pọ́fù-pọ́fù. Bàbá mi jókòó níwájú. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀. Mo sọ ọ́ bó ṣe rí, mo ní ipò kẹrin ni mo gbà, mo ní àyè ṣí, ṣùgbọ́n àgbà ló wà níwájú mi, mo sì bọ̀wọ̀ fún un.

Ilé mì tìtì! Wọ́n pàtẹ́wọ́ títí. Obìnrin kan fi ìdí gèlè nu ojú. Alhaji kan dìde, ó ní, "Wallahi, home training nìyẹn! Ẹ ò lè rí i nílùú òyìnbó." Ẹlòmíràn ní kí wọ́n gbé mi lọ sí iléèwé àwọn ọmọ òun kí n lọ bá wọn sọ̀rọ̀.

Ọ̀gá Bámi gba gbohùngbohùn. Ó ní, "This is our culture! Ọmọlúàbí gidi! Mo proud ẹ, Gbóyèga." Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó ní, "Fún ọdún tó ń bọ̀, Tóbi la máa rán lọ, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ mọ Tóbi, kò mọ àgbà, kò mọ ọmọdé. Òun ló máa gbé ife wá!" Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n tún pàtẹ́wọ́, kíkankíkan ju ti àkọ́kọ́ lọ. Pọ́fù-pọ́fù wà lẹ́nu mi, èmi náà pàtẹ́wọ́. Nínú gbogbo gbọ̀ngàn yẹn, bàbá mi nìkan ni wọn ò gbé ọwọ́ kúrò lórí orúnkún.

Ohun tí bàbá mi bi mí

Bàbá mi ló wa ọkọ̀ padà sí Ajah. Wọ́n rọra wà á títí a fi jáde kúrò ní Lẹ́kí.

Wọ́n ní, "Bàbá tí ẹ jọ sáré yẹn, ẹ jọ ta ayò?"

"A ta á, sà."

"Ta ló ń jẹ?"

"Èmi ni, sà. Ọ̀pẹ̀ ni wọ́n."

"Ṣé o máa ń fi í sílẹ̀ fún wọn kí wọ́n jẹ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan?"

"Rárá o! Mo tiẹ̀ máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́."

Wọ́n tẹ bíréèkì fún ẹnì kan kó sọdá, wọ́n sì tún bọ́ sí ọ̀nà. "Wọn kì í ṣe àgbà nígbà yẹn?"

Mo tún bẹ́líìtì mi dè.

Wọ́n ní, "Nígbà tí o wà lọ́mọ ọdún méjìlá, o jẹ mí láyò lẹ́ẹ̀mẹta léra níwájú àwọn mẹkáníìkì, o ní ọ̀pẹ̀ ni mí. Ṣé mo gbá ẹ létí?"

"Rárá, sà."

"Nítorí kí ni?"

"Nítorí pé ayò ni."

"Ẹn-ẹ́n. Àgbà ń bẹ nílé, àgbà ń bẹ níbi iṣẹ́, kò sí àgbà nídìí ayò. Àwọn tó bí wa ló fi lélẹ̀ bẹ́ẹ̀. Má gbé e lé àṣà wa lórí, Gbóyèga, àṣà wa ò rán ẹ níṣẹ́ yẹn. Kí ló ṣe ẹ́ níbẹ̀?"

Mo wojú fèrèsé. Mo rí igun náà, mo rí omi lórí ọ̀nà, mo rí táyà tí wọ́n tò bí ògiri.

Mo ní, "Òjò ń rọ̀, sà. Ibẹ̀ fún jù. Ẹ̀rù ló bà mí."

Bàbá mi mi orí. Wọ́n ní, "Ẹ̀rù kì í ṣe ẹ̀sùn. Ọgbọ̀n ọdún tí mo fi wa ọkọ̀ ní Oniru, ojoojúmọ́ ló ń bà mí. Ṣùgbọ́n mi ò pè é ní orúkọ mìíràn rí."

Nígbà tí a dé ilé, mo jókòó sínú ọkọ̀, mo kọ ọ́ ránṣẹ́ sí Bàbá Gábọ̀. Mo ní, Bàbá, mo purọ́ fún yín. Mi ò ṣàánú yín, mi ò sì bọ̀wọ̀ fún yín lọ́jọ́ náà. Ẹ̀rù igun yẹn ló bà mí, ẹ mọ ọ́n wà jù mí lọ. Ọjọ́ méjì kọjá, kò fèsì. Lọ́jọ́ kẹta, ó fi ohùn ránṣẹ́. Mo kọ́kọ́ gbọ́ ìró òòlù nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, mo gbọ́ tí ó gbé òòlù náà sílẹ̀, ó sì sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ní Yorùbá. Ó ní, "Ọ̀pẹ̀!" Ẹ̀rín bàbá náà ló gba gbogbo ìyókù.

Ẹ bá mi já bánà yẹn sílẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ẹ ò lè ṣe kí ẹ má so òmíràn, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí Bàbá Gábọ̀ sọ yẹn ni kí ẹ kọ sábẹ́ fọ́tò mi.